Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà: Àǹfààní rẹ̀ fún ọmọ àti ìyá, àti ẹ̀tọ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, kòròpé àti bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á ti máa rọ́ lọ sápá Eleko. Lẹ́kkí Free Zone, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Ọdún 2006 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ló jọ dáwọ́ lé e. Agbègbè yìí náà ni èbúté Lẹ́kkí wà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, àti ilé ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà.

Obìnrin wà nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wọ̀nyí: àwọn tó ń di ọjà sí páálí, àwọn tó ń se oúnjẹ fáwọn òṣìṣẹ́, àwọn tó ń gbálẹ̀, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà. Àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú ọkọ̀ lálọ, tó tún mú un lábọ̀, ó lè tó wákàtí 12 tí ọmọ ò ní fojú kan ìyá rẹ̀.

Kí ni ọmọ náà máa jẹ títí ìyá á fi dé? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọmú nìkan ti máa ń dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ abiyamọ. Wọ́n ti gbọ́ ní ilé ìwòsàn pé ọmú dára. Ohun tí wọn ò gbọ́ tó ni bí wọ́n ṣe lè máa fún ọmọ lọ́mú tí wọ́n bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àti pé òfin ní nǹkan kan í sọ fún ọ̀gá wọn.

KÍ NI ÀWỌN ELÉTÒ ÌLERA SỌ?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àjọ UNICEF gba àwọn ìyá ní ìmọ̀ràn mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i.

Ìkejì, kó máa mu ọmú nìkan fún oṣù 6 gbáko. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí glúkóòsì, kò sí wàrà alágolo, kò sí ògì. Oògùn tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá kọ fún ọmọ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Ìkẹta, tó bá ti pé oṣù 6, kó máa jẹ oúnjẹ mìíràn, ṣùgbọ́n kó ṣì máa mu ọmú lọ títí tó fi máa pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn kẹta yìí kì í ṣe nǹkan àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, ọmọ máa ń mu ọmú tó ọdún 2 sí 3 kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú. Ohun tó ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ilé ni pé kí ọmọ tuntun má fi omi àti àgbo kan ẹnu.

ÀǸFÀÀNÍ TÍ ỌMỌ Ń RÍ

Ọmú àkọ́kọ́. Wàrà tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́yìn ìbímọ máa ń ki, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n. Àwọn àgbà kan máa ń ní kí wọ́n fún un dànù, wọ́n ní ó ti pẹ́ nínú ọmú, pé ó dọ̀tí. Kò dọ̀tí rárá. Òun ló kún fún èròjà tó ń gbógun ti àrùn jù, abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ ni ẹ kúkú lè pè é. Kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ tuntun náà ò tóbi. Ó tún ń bá ọmọ ṣu ìgbẹ́ dúdú tó bá a wáyé.

Ààbò lọ́wọ́ àrùn. Inú ilé kan náà ni ìyá àti ọmọ ń gbé, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń fà símú. Tí kòkòrò àrùn kan bá wọ ara ìyá, ara rẹ̀ á ṣe èròjà tó máa bá a jà, èròjà yẹn á sì gba inú ọmú dé ara ọmọ. Kò sí wàrà inú agolo tó lè ṣe èyí. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà àti etí dídùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọmọ tó ń mu ọmú lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń yọ ẹni tí kò mu ún lẹ́nu.

Oúnjẹ tó pé. Gbogbo oúnjẹ tí ọmọ nílò fún oṣù 6 àkọ́kọ́ ló wà nínú ọmú, ó sì rọrùn fún ikùn rẹ̀ láti lọ̀. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni wàrà náà ń yí padà láti bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Ọjọ́ iwájú. Ìwádìí fi hàn pé ikú òjijì tó máa ń pa ọmọ ọwọ́ lójú oorun kì í wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó mu ọmú, wọn kì í sì í sábà sanra ju bó ṣe yẹ lọ tí wọ́n bá dàgbà.

Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ tó ṣe é ṣírò pé tí fífún ọmọ lọ́mú bó ṣe yẹ bá kárí ayé, yóò gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé tó tó 823,000 là lọ́dọọdún.

ÀǸFÀÀNÍ TÍ ÌYÁ Ń RÍ

Ẹ̀jẹ̀ á tètè dá. Tí ọmọ bá ń fa ọmú, ara ìyá máa ń tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní oxytocin. Èròjà yìí ló ń mú kí ilé ọmọ sún kì, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dín kù, tí ikùn sì ń padà sí bó ṣe wà. Inú rírun tí ìyá máa ń mọ̀ lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá ń fún ọmọ lọ́mú kò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ o, kò rọ́pò ìtọ́jú dókítà. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ya lẹ́yìn ìbímọ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kíákíá.

Jẹjẹrẹ ọmú. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2002, tó kó àbájáde ìwádìí 47 láti orílẹ̀-èdè 30 pọ̀, fi hàn pé oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú máa ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù ní ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá bí ọmọ mẹ́ta, tó sì fún wọn lọ́mú, gbogbo oṣù yẹn ló ń ro pọ̀. Fífún ọmọ lọ́mú tún ń dín ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin àti àrùn àtọ̀gbẹ kù.

Ìfètòsọ́mọ bíbí. Ọmú lè dá oyún dúró, àmọ́ ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: ọmọ kò gbọ́dọ̀ tíì pé oṣù 6, nǹkan oṣù ìyá kò gbọ́dọ̀ tíì padà, ọmọ sì gbọ́dọ̀ máa mu ọmú nìkan, lọ́sàn-án àti lóru, láìjẹ́ kó pẹ́ lọ títí láàárín méjì. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní obìnrin 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, kò ṣe é gbára lé mọ́. Ìyá tó ti ń lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà ìfètòsọ́mọ bíbí mìíràn.

Owó. Ọmú kì í gbowó, kò nílò gáàsì, kò nílò fíídà. Owó agolo wàrà tí ìdílé bá fi pamọ́ lóṣù mẹ́fà, iṣẹ́ ló máa ṣe nínú ilé.

ṢÉ ÒÙNGBẸ Ò NÍ GBẸ ỌMỌ?

Ooru Èkó kì í ṣeré. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ fi máa ń sọ pé: "Ìyàwó mi, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí, fún un lómi díẹ̀." Ìfẹ́ ló ń bẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìdá ọgọ́rùn-ún wàrà ọmú, nǹkan bí ìdá 88 ni omi. Ọmọ tó mu ọmú ti mu omi. Tí ooru bá mú gan-an, kí ìyá fún un lọ́mú léraléra, kí ìyá fúnra rẹ̀ sì mu omi dáadáa.

Ewu méjì ló wà nínú omi tí wọ́n ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Èkíní, omi á kún ikùn rẹ̀, kò ní fa ọmú mọ́ bó ṣe yẹ. Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú sí ni ara ìyá ṣe ń ṣe wàrà sí, nítorí náà ọmú tí wọn ò fà á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni omi náà fúnra rẹ̀. Àárín òkun àti ọ̀sà ni ilẹ̀ Lẹ́kkí wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iyọ̀ òkun ti wọ omi abẹ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń ra omi mu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Etí-Ọ̀sà, níbi tí Ajah wà, wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dárúkọ. Ìgbẹ́ gbuuru tí àgbàlagbà lè fara dà lè pa ọmọ ọwọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgbo rí. Omi ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ tí kíndìnrín ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ lè gbà. Tí inú bá ń run ọmọ, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ gbé e tọ̀ lọ.

BÁWO NI NÀÌJÍRÍÀ ṢE Ń ṢE SÍ?

Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera ìdílé, tí wọ́n ń pè ní NDHS, fi hàn pé ní ọdún 2013, ọmọ 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún tí kò tíì pé oṣù 6 ló ń mu ọmú nìkan. Ní ọdún 2018, ó gòkè sí 29. Ìtẹ̀síwájú ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ọmọ mẹ́wàá, bíi méje ni wọ́n ti fún ní nǹkan mìíràn. Ìwádìí ọdún 2018 náà fi hàn pé ọmọ 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló mu ọmú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i.

Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Ìfọ́mọlọ́yàn Lágbàáyé láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ keje oṣù kẹjọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ènìyàn á sọ̀rọ̀ sókè. Ọjọ́ kẹjọ ni ìyá á tún dá wà pẹ̀lú ọmọ àti iṣẹ́ rẹ̀.

KÍ NI ÒFIN SỌ NÍPA OBÌNRIN TÓ Ń ṢIṢẸ́?

Ibi tí obìnrin bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ iye ọjọ́ tó máa fi wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó: Láti ọdún 2014, nígbà ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola, ni obìnrin ti ní ìsinmi oṣù 6 pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pé, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Bàbá ọmọ tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀: Ìsinmi obìnrin jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16. Ti bàbá jẹ́ ọjọ́ 14.

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni: Labour Act, ìyẹn òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ló ń ṣètò tirẹ̀. Abala 54 òfin náà ní obìnrin tó bá ní ìwé dókítà lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí ìbímọ bá ku ọ̀sẹ̀ 6, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Tó bá ti lo oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, owó tí wọ́n máa san fún un lásìkò yìí kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró nígbà tó wà ní ìsinmi náà.

Abala yìí kan náà sọ ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò mọ̀: obìnrin tó bá ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹ̀tọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárín wákàtí iṣẹ́, nítorí ọmú náà.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní Alausa lè fi oṣù 6 fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú láìkúrò nílé. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lè padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, tí oṣù 4 àti ààbọ̀ ṣì kù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fúnni ju ohun tí òfin sọ lọ, torí náà ó yẹ kí aboyún ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé òfin Nàìjíríà kì í dé inú free zone. Àǹfààní tí òfin ọdún 1992 tó dá àwọn free zone sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ jẹ mọ́ owó orí, owó ibodè àti pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè. Ọmú ọmọ kò sí nínú rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FÚN WÀRÀ ỌMÚ PAMỌ́

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó láti jáde ní géètì, délé, kí èèyàn sì padà. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi ọwọ́ fún wàrà sínú ike, torí iṣẹ́ náà kì í sábà ju ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

1. Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì. Ike tàbí ìgò tó ní ìdérí, tí wọ́n ti fi omi gbígbóná bọ̀ dáadáa, ni kó lò.

2. Kó gbé àtàǹpàkò sí òkè ibi dúdú tó yí orí ọmú ká, kó gbé ìka tó kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

3. Kó tì í sẹ́yìn síhà àyà, kó fún un pọ̀, kó tú u sílẹ̀. Kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Kò yẹ kó dùn ún. Wàrà lè má jáde lójú ẹsẹ̀, kó ṣe sùúrù.

4. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 sí 5, tí wàrà bá ti ń fà, kó bọ́ sí ọmú kejì, kó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

5. Kó kọ ọjọ́ àti àkókò sára ike náà.

Wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè wà níta fún wákàtí 4 níbi tó tutù díẹ̀. Ọ̀sán Lẹ́kkí kì í tutù, nítorí náà kí wọ́n tètè gbé e sínú kúlà tí yìnyín dídì wà nínú rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ tó wákàtí 24. Nínú fíríìjì tí iná kì í lọ lára rẹ̀, ó lè lo ọjọ́ 4, lápá ẹ̀yìn, kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tí iná bá ń ṣe ségesège, kúlà ló dáa jù.

Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ kò gbọdọ̀ gbé wàrà náà ka iná tàbí sínú máíkíróweéfù. Kó gbé ike rẹ̀ sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ife kékeré sàn ju fíídà lọ torí ó rọrùn láti fọ̀. Èyí tí ọmọ bá mu kù, tó bá ti lé ní wákàtí 2, kí wọ́n dà á nù.

Tí ìyá bá délé, kó fún ọmọ lọ́mú lálẹ́ àti lóru. Òru ni èròjà tó ń mú wàrà wá máa ń pọ̀ jù lára obìnrin.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ÌYÁ MÁA Ń BÉÈRÈ

Ọmú mi kéré, ṣé wàrà á tó? Títóbi ọmú kọ́ ló ń mú wàrà wá, fífà tí ọmọ ń fà á ni. Ọmọ tuntun máa ń mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Láti bí ọjọ́ karùn-ún, tó bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, tó sì ń wúwo sí i, wàrà tó o.

Orí ọmú mi bó, ó ń dùn mí. Bí ọmọ ṣe gbá ọmú mú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ là dáadáa, kó gba púpọ̀ nínú ibi dúdú náà, kì í ṣe orí ọmú nìkan.

Ibà ń ṣe mí, ṣé kí n dáwọ́ dúró? Rárá. Ibà kì í gba inú ọmú ran ọmọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú kó lè mọ oògùn tó máa kọ.

Mo ní kòkòrò HIV ńkọ́? Ìyá tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ lọ́mú, kí ọmọ náà sì gba oògùn tí ilé ìwòsàn bá fún un. Kí ìyá má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Tí kò bá wá ṣeé ṣe ńkọ́? Àìsàn kan wà tó lè mú kí dókítà ní kí ìyá má fún ọmọ lọ́mú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Dókítà ló máa sọ ohun tí ọmọ máa mu, kì í ṣe ìpolówó ọjà.

TÓ BÁ TI PÉ OṢÙ MẸ́FÀ

Ọmú nìkan ò tó mọ́. Ògì lásán náà ò tó. Ẹ lọ edé tàbí ẹja mọ́ ọn, ẹ fún un ní ẹ̀wà tí wọ́n gún, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti èso. Ẹja kò wọ́n lẹ́bàá ọ̀sà. Ẹ má ṣe já a lẹ́nu ọmú.

OJÚṢE ÀWỌN TÓ KÙ

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bàbá lè fọ aṣọ, kó gbé ọmọ, kó sì bá ìyàwó rẹ̀ gbèjà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi dandan lé omi àti àgbo. Ìyá àgbà lè di alágbàtọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ wàrà. Ilé iṣẹ́ kò nílò ju yàrá kékeré kan tó ṣeé tì, àga, omi àti ọṣẹ, pẹ̀lú fíríìjì. Òṣìṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ kì í ṣàìsàn kì í sábà pa ibi iṣẹ́ jẹ.

Obìnrin tó bá fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè kọ lẹ́tà ṣókí sí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kó dárúkọ abala 54 Labour Act, kó sọ àkókò méjì tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó sì fi ẹ̀dà kan pamọ́.

Ẹ tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn tí kò bá fa ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ bá gbóná, tó bá ń mí lókè lókè, tí gìrì bá mú un, tí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè tàbí tí kò bá tọ̀ bó ṣe yẹ. Tí ọmú ìyá bá wú, tó pupa, tí ibà sì bá a wá, kí òun náà lọ. Àwọn tó wà lápá Free Zone ní ilé ìwòsàn ìjọba, General Hospital Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ní Akodo.